MySQL kọ̀ láti gbéra lẹ́yìn tí mo fi sórí Ubuntu: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Akẹ́kọ̀ọ́-Dátà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. MySQL 8.0, sọ́fítíwìa tó ń tọ́jú dátábéèsì, ni mo fẹ́ fi sórí sáfà kan tó ń lo Ubuntu 20.04. MariaDB 10.3 (irú rẹ̀ mìíràn) ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi `apt remove` yọ ọ́, mo wá ní kí apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gbé sọ́fítíwìa wọlé, gbé `mysql-server` wá. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, ló bá kọ èyí jáde:

`installed mysql-server-8.0 package post-installation script subprocess returned error exit status 1`

Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i, ohun kan náà ló ń wí. Tí mo bá tẹ `sudo mysql`, á ní òun ò lè dé ọ̀dọ̀ sáfà láti ojú `/var/run/mysqld/mysqld.sock`. Ṣé kí n kúkú pa gbogbo `/var/lib/mysql` rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Olùtọ́jú-Sáfà:
Rárá o! Ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Inú fódà yẹn ni gbogbo dátà tí MariaDB ń lò wà. `apt remove` kì í fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá pa á rẹ́ tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, ó lọ nìyẹn.

Ohun tí apt kọ síbẹ̀ yẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé apt gbé àwọn fáìlì dé, ó ní kí sáfà MySQL gbéra, kò dìde. Ìdí tí kò fi dìde, sáfà fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó níbí:

`sudo journalctl -u mysql --no-pager -n 50`
`sudo less /var/log/mysql/error.log`

Èyí kejì ló máa ń kún fún àlàyé. Ẹ wá ibi tí ó ti kọ `starting as process`. Ibẹ̀ ni ìgbéra kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ nísàlẹ̀. ERROR tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé ni kí ẹ dì mú. Òdìkejì lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: ìlà ERROR tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé lọ sínú Google, bẹ́ẹ̀ `Aborting` ló máa ń gbẹ̀yìn yálà dísìkì ló kún, yálà pọ́ọ̀tù ló dí, yálà fáìlì ló bàjẹ́. Ìdáhùn ọgọ́rùn-ún ló máa jáde fún un, tí ọ̀kan ò sì ní bá tiyín mu.

Ẹ kó ohun tí ẹ bá rí wá, bó ṣe tẹ̀ léra.

Kóòdù-Alẹ́:
Irú èyí, `sudo chmod -R 777 /var/lib/mysql` lẹ máa ṣe, kí ẹ tún un gbé dìde. Ìyọ̀ǹda ló máa ń dà á láàmú.

Olùtọ́jú-Sáfà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A ò tíì rí log (àkọsílẹ̀ tí sáfà ń kọ), a ò lè sọ pé ìyọ̀ǹda ni. Ká tiẹ̀ ní òun ni, 777, tó ń fún gbogbo èèyàn láyè láti kà á àti láti kọ ọ́, kì í ṣe oògùn rẹ̀. Oníṣe `mysql` ló gbọ́dọ̀ ni fódà yẹn, kí ẹlòmíràn má lè wọ ibẹ̀. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé tí 777 bá kan fáìlì ètò (configuration) tó wà nínú `/etc/mysql`, MySQL á kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì náà jẹ́ `World-writable`, á sì fojú fò ó pátápátá. Ẹ̀yin á máa yí ètò padà, sáfà ò ní máa kà á. Ọjọ́ ńlá ni èèyàn lè fi wá ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Dátà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ohun tí mo rí rèé, ERROR nìkan ni mo yọ jáde, mo gé àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn kúrò:

`This redo log was created with MariaDB 10.3`
`Failed to initialize DD Storage Engine`
`Data Dictionary initialization failed.`
`Aborting`

Ìyá-Ìbéèrè:
Ó ti hàn. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. MySQL ṣí fódà `/var/lib/mysql`, ó bá fáìlì tí MariaDB kọ níbẹ̀, ó ní òun kò lè gbà á. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àbájáde rẹ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ díẹ̀, torí ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ara MySQL ni MariaDB ti yapa ní 2009. Fún ìgbà pípẹ́, èèyàn lè yọ ọ̀kan kó fi èkejì rọ́pò rẹ̀ lórí dátà kan náà. Nígbà tí MySQL 8.0 jáde ní 2018, wọ́n kó gbogbo àpèjúwe tébù sínú InnoDB (apá tó ń tọ́jú dátà nínú MySQL), wọ́n sì pa àwọn fáìlì `.frm` tí àpèjúwe náà wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ tì. MariaDB kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Látìgbà náà, MySQL 8.0 kì í gba fódà dátà MariaDB, bó ti wù kí ẹ pa MariaDB náà jẹ́jẹ́ tó. Fódà MySQL 5.7 ló lè gbé ga. Nítorí náà, kò sí ètò kankan tí ẹ máa yí nínú `my.cnf` tí yóò mú kó gbà. Àwọn dátà yẹn gbọ́dọ̀ jáde gẹ́gẹ́ bíi fáìlì SQL (fáìlì àwọn àṣẹ tó lè tún wọn kọ́), kí wọ́n sì tún wọlé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé ẹ nílò ohun tó wà nínú MariaDB yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́-Dátà:
Háà, mo nílò rẹ̀ o. Dátábéèsì kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ìyá-Ìbéèrè:
A dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí, ẹ má sáré.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí sáfà kankan tó ń ṣiṣẹ́ lórí fódà náà, kí ẹ wá da á kọ:

`sudo systemctl stop mysql`
`sudo cp -a /var/lib/mysql /var/lib/mysql-atijo`

`-a` yẹn ṣe pàtàkì, òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ni fáìlì yí padà. Ẹ fi `df -h` wò ó ṣáájú bóyá àyè tó. Tí ẹ bá ní dísìkì mìíràn, ibẹ̀ ló dára jù kí ẹ̀dà náà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ MySQL. Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú sílẹ̀. `mysql-server` tí ẹ máa ń tẹ̀ kàn jẹ́ orúkọ tó ń pe àwọn mìíràn ni, `mysql-server-8.0` ni sáfà gangan. Bí ẹ bá lo `purge`, èyí tó ń yọ fáìlì ètò náà kúrò, ó lè bi yín pé `Remove all MySQL databases?` Ẹ dáhùn pé rárá. Ẹ wá fi MariaDB 10.3 padà, irú ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ dá a dúró, ẹ gbé ohun tó bá wà ní `/var/lib/mysql` sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi `cp -a` da ẹ̀dà `mysql-atijo` padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ wá gbé MariaDB dìde. Tó bá ti dìde, kí ẹ yọ dátà jáde:

`sudo mysqldump --databases oruko_database --routines --triggers --single-transaction > ipamo.sql`

Ẹ fi orúkọ dátábéèsì tiyín síbẹ̀. Ẹ má lo `--all-databases`, torí ìyẹn á kó dátábéèsì `mysql` ti MariaDB mọ́ ọn, níbi tí àwọn oníṣe àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn wà. Kò bá ti MySQL 8.0 mu rárá, ó sì lè ba ti MySQL jẹ́. Àwọn oníṣe, ẹ fi ọwọ́ dá wọn lákọ̀tun.

Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ fi `tail -n 1 ipamo.sql` wo ìsàlẹ̀ fáìlì náà. Bí ó bá parí dáadáa, ẹ máa rí `Dump completed` níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, fáìlì náà gé lójú ọ̀nà, ẹ má tíì yọ MariaDB.

Adúróṣinṣin:
Àfikún fún ẹni tí MariaDB tirẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Láti àwọn ẹ̀yà tó jáde ní ìlàjì 2024, bíi 10.6.18 àti 10.11.8, `mariadb-dump` (`mysqldump` ti MariaDB) máa ń kọ ìlà kan sí orí fáìlì tó ní `enable the sandbox mode` nínú. Tí ẹ bá gbé e fún MySQL, á dá dúró ní ìlà àkọ́kọ́ pé òun kò mọ àṣẹ `\-`. Ẹ̀rù á ba èèyàn pé gbogbo fáìlì ti bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹ gé ìlà yẹn kúrò:

`tail -n +2 ipamo.sql > ipamo2.sql`

Bákan náà, bí ẹ bá rí `Unknown collation` (collation ni ìlànà tí a fi ń to lẹ́tà), ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ wo orúkọ tó dárúkọ. `utf8mb4_uca1400_ai_ci` ti MariaDB ni, MySQL kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi `utf8mb4_0900_ai_ci` rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà, kì í ṣe lórí fáìlì tí ẹ kọ́kọ́ yọ jáde.

Olùtọ́jú-Sáfà:
Tí fáìlì SQL bá ti wà lọ́wọ́, ẹ yọ MariaDB, ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́ kù:

`dpkg -l | grep -Ei 'mysql|mariadb'`

Lẹ́tà méjì tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa kà. `ii` túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀ dáadáa. `rc` ni èyí tí a ti yọ ṣùgbọ́n tí fáìlì ètò rẹ̀ ṣì wà ní `/etc`. `iF` ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Àwọn `rc` ti MariaDB ni kí ẹ `purge`, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ẹ̀dà dátà yín níbòmíràn, kó má baà jẹ́ pé ètò àtijọ́ ni MySQL tuntun á máa kà.

Kí ẹ wá pèsè fódà òfìfo:

`sudo mv /var/lib/mysql /var/lib/mysql-danu`
`sudo install -d -o mysql -g mysql -m 700 /var/lib/mysql`
`sudo apt install mysql-server`

Tí apt bá rí i pé kò sí dátábéèsì nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dá tuntun sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ó ti wà ní `iF`, `sudo dpkg --configure -a` ló máa parí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Dátà:
Mo ti rí `Dump completed`, inú mi dùn gan-an. Mo yọ MariaDB, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ó tún kọ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tó ń wí ti yàtọ̀:

`unknown variable 'query_cache_size=16M'`

Ìyá-Ìbéèrè:
Ìyẹn dára púpọ̀. Àṣìṣe tó bá yí padà, ìlọsíwájú ni. Ti dátà ti tán, ti ètò ló kù.

Wọ́n ti yọ query cache (ibi tí a ń pa ìdáhùn ìbéèrè mọ́ sí) kúrò pátápátá nínú MySQL 8.0. MariaDB ṣì ń lò ó, fáìlì ètò tó bá a wá sì máa ń ní in nínú. MySQL tó bá rí orúkọ tí kò mọ̀ nínú ètò, kì í fò ó, ṣe ló máa ń dá dúró. Ẹ wá ibi tó fara pamọ́ sí:

`grep -rn query_cache /etc/mysql/`

Ẹ fi `#` sí iwájú gbogbo ìlà tí ẹ bá rí. Ẹ tún wo `ls -l /etc/alternatives/my.cnf`. Ibẹ̀ ló ń sọ bóyá ètò MariaDB ni ẹ̀rọ ń tọ́ka sí tàbí ti MySQL. Kí ẹ tó tún gbé sáfà dìde, ẹ jẹ́ kó yẹ ètò náà wò fúnra rẹ̀:

`sudo mysqld --validate-config`

Tí kò bá sọ nǹkan kan, ètò dára. Láti 8.0.16 ni àṣẹ yìí ti wà, ó sì ń dùn mí pé àwọn èèyàn kì í lò ó. Ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ gbígbé sáfà dìde lásán lọ́pọ̀ ìgbà.

Afẹ́fẹ́-Dátà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn tí log wọn kò bá ti àbúrò wa yìí mu kún un, torí ọ̀pọ̀ ló máa dé ibí tí kò ní MariaDB rárá.

`Address already in use`: nǹkan mìíràn ti jókòó sórí pọ́ọ̀tù 3306. `sudo ss -ltnp | grep 3306` á dárúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹténà Docker (àpótí tí sọ́fítíwìa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) tí ẹ ti gbàgbé.

`No space left on device`: ẹ wo `df -h`, ẹ sì wo `df -i` náà. Mo ti rí sáfà tí àyè rẹ̀ kù rẹpẹtẹ, àmọ́ tí inode rẹ̀ (iye fáìlì tí dísìkì lè gbà) ti tán nítorí àwọn fáìlì kéékèèké.

Tí log bá dá dúró lójijì láìsí ERROR kankan, RAM ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀rọ tó ní 512 MB ló máa ń rí èyí jù. MySQL ò ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ló pa á. Nínú àkọsílẹ̀ kernel ni ẹ̀rí wà:

`sudo journalctl -k | grep -i 'out of memory'`

Tí ẹ bá rí `Killed process` àti `mysqld` lórí ìlà kan náà, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ fi swap (àyè dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) kún un, tàbí kí ẹ pa `performance_schema` nínú ètò, torí ó ń jẹ RAM púpọ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré.

Àwọn tó gbé fódà dátà lọ sórí dísìkì mìíràn, tí wọ́n ti `chown` rẹ̀ fún `mysql`, tí ó ṣì ń pariwo nọ́ńbà 13, ẹ fetí sílẹ̀. `perror 13` á sọ fún yín pé `Permission denied`, ṣùgbọ́n `ls -l` á fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe ìyọ̀ǹda. AppArmor, ẹ̀ṣọ́ Ubuntu, ni. Òun ló ní ìwé tirẹ̀ tó fi ń pinnu fódà tí MySQL lè wọ̀. Ẹ wá `DENIED` nínú `journalctl -k`. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ìlà kan sínú `/etc/apparmor.d/tunables/alias`:

`alias /var/lib/mysql/ -> /mnt/data/mysql/,`

Kọ́mà ìparí yẹn wà lára rẹ̀, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá ṣe `sudo systemctl reload apparmor`.

Fèrèsé-Mọ́kànlá:
Ẹ forí jì mí, Windows 11 ni tèmi, SQL Server 2022 (dátábéèsì ti Microsoft) ni mo ń fi sí i. Ó dé ìparí, ó ní `Wait on the Database Engine recovery handle failed`. Ṣé ìlànà kan náà ni?

Afẹ́fẹ́-Dátà:
Ìlànà kan náà ni, ibi tí log wà ló yàtọ̀. Ẹ ṣí `C:\Program Files\Microsoft SQL Server\160\Setup Bootstrap\Log`, kí ẹ ka `Summary.txt`. Ìyẹn á sọ apá tó kùnà. Ìdí rẹ̀ gan-an á wà nínú fáìlì `ERRORLOG`, lábẹ́ `MSSQL16.MSSQLSERVER\MSSQL\Log`. Ẹ ṣí i pẹ̀lú Notepad, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà `misaligned`.

Fèrèsé-Mọ́kànlá:
Ó wà níbẹ̀! `There have been 256 misaligned log IOs`.

Afẹ́fẹ́-Dátà:
Dísìkì NVMe yín ni. SQL Server gba sector (ègé tí dísìkì pín dátà sí) 512 àti 4096 báìtì nìkan. Ṣáájú Windows 11, ẹ̀rọ máa ń bo ìwọ̀n gidi mọ́lẹ̀. Dráífà NVMe ti Windows 11 ń sọ ọ́ bó ṣe rí, àwọn dísìkì kan sì ní èyí tó ju 4096 lọ. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

`fsutil fsinfo sectorinfo C:`

Ẹ wo `PhysicalBytesPerSectorForAtomicity` àti `PhysicalBytesPerSectorForPerformance`. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ju 4096 lọ, ohun tí Microsoft fúnra wọn ní ká ṣe nìyí:

`REG ADD "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\stornvme\Parameters\Device" /v "ForcedPhysicalSectorSizeInBytes" /t REG_MULTI_SZ /d "* 4095" /f`

4095 ni, kì í ṣe 4096, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà registry (ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí) ṣáájú. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tún `fsutil` ṣe láti rí i pé ó ti di 4096. Ẹ yọ SQL Server tó kùnà kúrò kí ẹ tó fi òmíràn sí i, torí ìdajì tó wà níbẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ ṣe.

Adúróṣinṣin:
Ti PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, náà, kí n yára fi kún un. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ tẹ `pg_lsclusters` kí ẹ tó sọ pé ó kùnà. Tí ẹ̀yà àtijọ́ bá ti wà lórí 5432, tuntun á gba 5433 láìpariwo. Ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Dátà:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó ti dìde! `systemctl status mysql` ní `active (running)`. Fáìlì SQL ti wọlé, mo ka iye ìlà tó wà nínú àwọn tébù tó ṣe kókó, wọ́n pé. Ẹ ṣeun púpọ̀, kò ní rẹ̀ yín o.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: áàpù mi ń fi `root` (oníṣe àgbà) wọlé, ó ní `Access denied for user 'root'@'localhost'`, bẹ́ẹ̀ `sudo mysql` ń ṣiṣẹ́.

Ìyá-Ìbéèrè:
Ẹ kú oríire o. Ìyẹn kì í ṣe ara ìkùnà, ẹ má tún nǹkan kan fi sí i. Lórí Ubuntu, `auth_socket` ni `root` ń lò. Ẹni tó bá jẹ́ root lórí ẹ̀rọ nìkan ló ń gbà wọlé, kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ fi `root` sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ dá oníṣe tuntun fún áàpù yín, kí ẹ fún un ní dátábéèsì kan yẹn nìkan:

`CREATE USER 'eto'@'localhost' IDENTIFIED BY 'oro_asina_to_gun';`
`GRANT ALL ON oruko_database.* TO 'eto'@'localhost';`

Ẹ má sì pa `mysql-atijo` rẹ́ títí áàpù náà yóò fi ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.